Ẹ Ka Òfin Owó Orí Náà Parí: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ owó orí níbí ní Amẹ́ríkà, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi jókòó síwájú yín, á sì wí pé: "Ẹ fi òfin náà hàn mí. Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé dandan ni kí èmi aráàlú lásán san owó orí lórí owó iṣẹ́ mi?" Ẹ má ṣe rò pé ọ̀daràn ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ti bá pàdé jẹ́ òṣìṣẹ́ gidi: nọ́ọ̀sì, awakọ̀ akẹ́rù, ẹni tó ń tún ilé ṣe. Gbèsè owó orí ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ẹnìkan sì ti pè wọ́n jọ, ó ta ìrètí fún wọn. Ọ̀rọ̀ wọn máa ń dùn mí gan-an, torí pé ẹni tó ta ìrètí yẹn ti gba owó tirẹ̀, orúkọ àwọn ló sì wà lórí fọ́ọ̀mù.

Ohun tó wúlò fún mi jù látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ni pé àwọn tó ń sọ pé kò sí dandan kì í sábà hùmọ̀ òfin látinú afẹ́fẹ́. Òfin gidi ni wọ́n ń mú, tàbí ìdájọ́ gidi. Wọ́n á wá gé e sí méjì, wọ́n á fún ènìyàn ní ìdajì kan. Iṣẹ́ tiwa ni ká wá ìdajì kejì jáde, ká sì gbé e síwájú oníbàárà wa.

Ẹ wo èyí tí ẹ máa gbọ́ jù lọ, pé ìfẹ́ inú ni owó orí. Wọ́n á ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 1960, nínú ẹjọ́ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Flora bá ìjọba ṣe. Lóòótọ́, adájọ́ kọ ọ́ pé orí kí olúkúlùkù fúnra rẹ̀ ṣírò, kó sì san án ni ètò owó orí dúró lé, kì í ṣe orí kí ìjọba máa gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ènìyàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwọ ni wàá kọ́kọ́ kọ iye tó wọlé fún ọ, wàá ṣírò iye tó kàn ọ́, wàá fi ránṣẹ́, kí ìjọba tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yẹ kí ẹ bi oníbàárà náà pé ta ló jàre ẹjọ́ yẹn. Flora kọ́ o. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ fún un ni pé kó lọ san gbogbo owó orí tí wọ́n bù lé e pátápátá, kó tó lè wá sí ilé ẹjọ́ àdúgbò ìjọba àpapọ̀ wá béèrè kí wọ́n dá a padà. Ìdájọ́ tó ní kí ènìyàn san gbogbo rẹ̀ ná ni wọ́n ń gbé kiri pé ó ní kí ènìyàn má san nǹkan kan.

Ní ti "ẹ fi òfin náà hàn mí," ẹ má ṣe bínú sí ìbéèrè yẹn. Ìbéèrè tó dáa ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè dáhùn rẹ̀ láìwo ìwé. Ohun tó ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú pọ̀ ni pé ìdáhùn náà kò sí lójú kan ṣoṣo. Nínú ìwé òfin owó orí ìjọba àpapọ̀ (Internal Revenue Code), abala 1 ló gbé owó orí ka orí owó tó ń wọlé fún aráàlú. Abala 61 ló sọ ohun tí owó tó ń wọlé jẹ́. Abala 6012 ló sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ ìwé owó orí, 6151 ló ní kó san án, 7203 ló wá sọ ìyà tó wà fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀. Ẹni tó bá ń wá gbólóhùn kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò ní rí i, á sì rò pé òun ti borí.

Irwin Schiff, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ tó ń wàásù pé kò sí dandan, ló sọ ìbéèrè yìí di òwò. Ní 1983, ó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun á fún ẹnikẹ́ni tó bá pe ètò náà tó sì tọ́ka sí abala òfin tó ní kí ènìyàn kọ ìwé owó orí ní $100,000. Agbẹjọ́rò kan rí i nígbà tí wọ́n tún apá kan rẹ̀ gbé sáfẹ́fẹ́, ó to àwọn abala náà jọ, ó béèrè owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Ní 1985, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé agbẹjọ́rò náà kò lè gba owó, torí pé ìlérí yẹn ti tán nígbà tí ètò àkọ́kọ́ parí. Ibi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Schiff máa ń dúró nìyẹn. Àmọ́ àwọn adájọ́ kan náà sọ ọ́ gbangba pé òfin wà, pé ohun tí Schiff ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rán Schiff lẹ́wọ̀n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni ìdájọ́ 2005, inú àhámọ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì wà tó fi kú ní 2015, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Nọ́ọ̀sì kan wá bá mi ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ó kó àpò ìwé ńlá kan dání. W-2 rẹ̀, ìwé tí ọ̀gá fi ń sọ iye owó iṣẹ́ tó san fún òṣìṣẹ́ lọ́dún, wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀ hàn kedere. Ó wá so Fọ́ọ̀mù 4852 mọ́ ọn, fọ́ọ̀mù tó wà fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ò fún ní W-2 tàbí tó fún un ní èyí tí kò tọ̀nà. Òdo ló kọ sójú owó iṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni òfin pè ní òṣìṣẹ́, nítorí pé abala 3401(c) sọ pé òṣìṣẹ́ "kan" ("includes" lédè Gẹ̀ẹ́sì) àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Mo ṣí abala 7701(c), mo ní kó kà á sókè fúnra rẹ̀. Ó ka ibi tó ti sọ pé bí òfin yìí bá ní ọ̀rọ̀ kan "kan" àwọn nǹkan báyìí, kò yọ àwọn yòókù tí ọ̀rọ̀ náà ti kó mọ́ra tẹ́lẹ̀ kúrò. Ó tún un kà. Ó wá bi mí pé, "Kí ló dé tí wọn ò fi èyí hàn wá?" Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé ìwé òfin kan náà ni, ojú ewé tó yàtọ̀ lásán ni.

Irú ẹ̀ náà ni abala 861. Wọ́n á ní ibẹ̀ ló to àwọn owó tí ìjọba lè bu owó orí lé, pé owó iṣẹ́ aráàlú ò sí níbẹ̀. Ohun tí abala yẹn ń ṣe ni láti sọ ibi tí owó ti wá, bóyá nínú Amẹ́ríkà ni tàbí lẹ́yìn odi, èyí tó ṣe pàtàkì fún àjèjì àti ẹni tó ń pawó nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ sì ka ibi tó ti ka nǹkan lẹ́sẹẹsẹ: owó iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe nínú Amẹ́ríkà wà níbẹ̀. Abala 61 ní tirẹ̀ fi owó tí wọ́n san fún iṣẹ́ ṣe nǹkan àkọ́kọ́ tó dárúkọ. Òṣèré Wesley Snipes gbọ́ àlàyé 861 yìí, ó tẹ̀ lé e. Ní 2008, wọ́n dá a láre lórí àwọn ẹ̀sùn tó le jù, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó jẹ̀bi àìkọ ìwé owó orí fún ọdún mẹ́ta, adájọ́ sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Ti Àtúnṣe Kẹrìndínlógún sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, èyí tó fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti bu owó orí lé owó tó ń wọlé, kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n á ní Ohio ò tíì di ìpínlẹ̀ lábẹ́ òfin títí di 1953, àti pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣi àmì kọmá àti lẹ́tà ńlá kọ. Ìpínlẹ̀ 36 ni wọ́n nílò kó fọwọ́ sí i ní 1913. 38 ni Philander Knox, akọ̀wé ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, kà jáde nínú ìkéde rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún náà. Ẹ yọ Ohio kúrò, ó ṣì ju iye tí wọ́n nílò lọ. Ilé ẹjọ́ sì ti da ọ̀rọ̀ kọmá yẹn nù láìmọye ìgbà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ìdájọ́ Pollock ní 1895, tó mú kí wọ́n nílò àtúnṣe náà, dá lórí owó tó ń wá látara dúkìá, bí owó ilé àti èrè ìpín ìdókòwò. Kò sọ pé ìjọba ò lè bu owó orí lé owó iṣẹ́.

Ẹjọ́ John Cheek ni mo máa ń fi sùúrù ṣàlàyé jù, torí pé ó jọ pé ó gbè wọ́n. Awakọ̀ òfuurufú ni. Ní 1991, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé bí ènìyàn bá gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé òfin owó orí ò kan òun, kódà bí ìgbàgbọ́ náà ò bá mọ́gbọ́n wá, a ò lè sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin. Oníbàárà á ti rẹ́rìn-ín. Ẹ ka ìyókù fún un: ẹni tó bá ní òfin owó orí lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti fi hàn pé òun mọ òfin náà dáadáa, ìyẹn ò sì lè gbà á. Wọ́n tún ẹjọ́ Cheek gbọ́, wọ́n tún dá a lẹ́bi. Ní 2003, wọ́n dá awakọ̀ òfuurufú mìíràn láre ní Memphis, ìròyìn rẹ̀ sì tàn káàkiri. Èyí tí kò tàn ni pé ìdáláre nínú ẹjọ́ ọ̀daràn kò pa gbèsè owó orí rẹ́. Ẹ̀wọ̀n lọ̀tọ̀, gbèsè lọ̀tọ̀.

Bí oníbàárà yín bá ti wá gbà, ẹ yára. Ẹni tó fi ìwé owó orí tó dá lórí irú àwọn àlàyé yìí ránṣẹ́ lè san ìtanràn $5,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Owó Orí, wọ́n lè bu tó $25,000 lé e. IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, sábà máa ń kọ́kọ́ kọ lẹ́tà tó fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti tún un ṣe, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tí kò kọ rárá ń san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè rẹ̀ lóṣooṣù títí yóò fi di ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èlé lọ́tọ̀. Àkókò tí òfin fún ìjọba láti wá gbèsè náà jáde kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà, torí pé kò tíì kọ ìwé. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí ojú àánú. Ìtanràn wà fún ẹni tó bá a kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kó mọ ọ̀nà tí òfin fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ kọ ìwé: fún 2024, àpọ́n tí kò tíì pé ọdún 65, tí gbogbo owó tó wọlé fún un kò tó $14,600, kò ní láti kọ, àyàfi bó bá ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ tó sì jèrè $400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bí ìdí mìíràn bá wà. Ẹni tí ìṣirò ìjọba ò tẹ́ lọ́rùn ní 90 ọjọ́ láti gba Ilé Ẹjọ́ Owó Orí lọ láìkọ́kọ́ san kọ́bọ̀ nínú owó orí náà. Ẹni tí kò lówó lè tọrọ láti máa san án díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì wò ó pé òfin náà ò dára, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti sọ bẹ́ẹ̀ fún aṣòfin rẹ̀, kó sì fi ìbò sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ IRS, ẹ sì to àwọn ọdún tí kò kọ jọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí ọ̀gá rẹ̀ ti yọ owó orí lára owó oṣù rẹ̀, torí pé nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, ìjọba gan-an lè jẹ ẹ́ lówó. Ọdún mẹ́ta péré ló ní láti béèrè fún un.