Okùn Bàtà Kẹ́hìndé

Fọ́tò kan wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ màmá mi, ó fi gèlè àtijọ́ wé e. Kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun ni. Ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún méjì ló jókòó nínú rẹ̀, gáùn kan náà lọ́rùn wọn, kọ́tìnnì lẹ́yìn wọn. Ọwọ́ òsì àwọn méjèèjì wà lórí orúnkún. Okùn bàtà ọ̀tún àwọn méjèèjì ló tú.

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí n tó fura sí okùn bàtà yẹn.

Màmá mi ni Kẹ́hìndé. Táyé rẹ̀ kò pé ọdún méjì tó fi bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Lọ́dún 1971, ní Ìlá Ọ̀ràngún, ìyá àgbà mi, tí gbogbo àdúgbò ṣì ń pè ní Ìyá Ìbejì, mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ fọtógiráfà. Láyé àwọn ìyá tirẹ̀, ère ni wọn ì bá gbẹ́ fún Táyé. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni ìyá àgbà, kò fẹ́ ère nínú ilé, kò sì fẹ́ kí ọmọ òun di ẹni ìgbàgbé.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkùnrin náà ya Kẹ́hìndé. Nínú yàrá òkùnkùn, ó fi páálí bo ìdajì bébà, ó jẹ́ kí iná gba ara nẹ́gátíìfù kọjá sórí ìdajì tó ṣí sílẹ̀. Ó wá gbé páálí sí òdìkejì, ó tún un ṣe. Ìgbà tó rì í sínú oògùn, ọmọ méjì yọ. Tí ẹ bá wo kọ́tìnnì náà fínnífínní, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ká ní ọkùnrin ni Táyé, wọn ì bá wọ aṣọ ọkùnrin fún màmá mi, kí wọ́n sì tún un yà. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa àṣà yìí ní Ìlá gan-an lọ́dún 1978. Ìgbà tí mo kà á ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa nìkan. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Irun màmá ti funfun báyìí. Fọ́tò náà ti pọ́n létí, bóyá wọn kò fi omi ṣan oògùn kúrò lára rẹ̀ dáadáa. Lóṣù tó kọjá, èmi àti màmá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn kí wọ́n bá wa tẹ òmíràn. Ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní òun lè fi àwọ̀ sí i, òun sì lè bá wọn di okùn bàtà tó tú.

Màmá ní kó má fọwọ́ kàn án.

"Ìgbà tí wọ́n yà á tán ni màámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó dì í fún mi."