Kí ẹ tó ra awò tí ẹ máa fi jó pánẹ́ẹ̀lì

Ọdún kẹta tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, ni mo ra awò oní-USB kan tí màá máa fi jó pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn kí n yọ́ lẹ́ẹ̀dì (òjé) láti fi lẹ ẹ̀yà kéékèèké mọ́ pátákó inú fóònù. Wọ́n kọ 1000X sí lára páálí rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Nọ́ńbà yẹn ló wọ̀ mí lójú.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà gbé fóònù tí kò tàn wá. Kapásítọ̀ kan ló ti jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ áísì tó ń pín iná, irú kapásítọ̀ tí à ń pè ní 0402: gígùn rẹ̀ mìlímítà 1, ìbú rẹ̀ ìdajì mìlímítà. Mo gbé awò lé e lórí, mo kọjú sí kọ̀ǹpútà, mo na áyọ́ọ̀nù tó ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ mi á ti sún, àwòrán á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ tún rí pẹlẹbẹ, n kò mọ̀ bóyá ẹnu áyọ́ọ̀nù ti kan pánẹ́ẹ̀lì àbí ó ṣì wà lókè. Kí n tó mọ̀, mo ti ṣí bàbà tí kapásítọ̀ náà jókòó lé kúrò. Owó ara mi ni mo fi san fóònù yẹn. Ó dùn mí wọra.

Àyè tó wà láàárín ẹnu awò àti pánẹ́ẹ̀lì ni mo kọ́kọ́ máa ń wọ̀n báyìí. Áyọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ráyè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹ̀mú náà gbọ́dọ̀ ráyè. Awò 10X tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há sójú, bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 péré ló fẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì jìnnà sí i. Ẹ lè fi wo iṣẹ́ tí ẹ ti jó tán. Bí ẹ bá fi jó nǹkan, ojú yín ni èéfín máa wọ̀.

Maikirosíkóòpù olójú méjì ni mo padà rà, 7X dé 45X. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ibi tó ga àti ibi tó rì. Àyè abẹ́ tèmi kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, àfìgbà tí mo yí lẹ́ǹsì 0.5X mọ́ ọn nísàlẹ̀. Agbára rẹ̀ dín sí ìdajì, àyè náà sì di bíi 16. Ẹ má jẹ́ kí ìdajì yẹn dùn yín. Nǹkan bíi 7X sí 10X ni mo fi ń jó nǹkan. 20X, ìgbà tí mo bá ń wá lẹ́ẹ̀dì tó so ẹsẹ̀ áísì méjì pọ̀ ni. Lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ yẹn náà ni èéfín péésìtì tí à ń fi sójú ibi tí a fẹ́ jó máa ń bà lé, mo sì máa ń fi sípírítì nù ún lálaalẹ́.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó, kó ra awò àdésórí tó tó 3X. Ó tó jó ojú ìchájì.

Ti iná ńkọ́? Iná róbótó tó yí ẹnu awò ká máa ń mú kí gbogbo lẹ́ẹ̀dì dán bákan náà. Ẹ pa á, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́: ibi tí lẹ́ẹ̀dì ti sán á yọ bí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, bí irun, yí ẹsẹ̀ náà ká.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan ń ráhùn pé orí ń fọ́ òun tóun bá ti wo inú maikirosíkóòpù náà. Mo ní kó máa sún ojú awò méjèèjì mọ́ra díẹ̀díẹ̀, títí róbótó méjì tó ń rí á fi di ẹyọ kan. Ó ń sún un, ó ń sún un, ó dákẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, áísì yìí mà ga! Mo ń rí abẹ́ rẹ̀."