Ọdún tí dọ́là lé mi padà sílé

Nígbà tí ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀, mo kọ ohun mẹ́ta sẹ́yìn kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yàrá mi: kí n parí ìtàn àkọ́kọ́ nínú kọ́míìkì mi, kí n ra ère Goku kan (akọni inú Dragon Ball, kọ́míìkì àwọn ará Japan) tí ojú mi ti wà lára rẹ̀ láti èṣí, kí n sì dín owó tí mò ń ná sórí irú nǹkan báyìí kù. Èkejì àti ẹ̀kẹta ò lè jọ gbé inú ilé kan, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Àkọ́kọ́ nìkan ló bọ́ sí i, òun náà ò sì gba ọ̀nà tí mo rò wá.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, akọ̀wé owó ni mí ní ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo jẹun tán, ìdí tábúlẹ́ẹ̀tì mi ni mo máa ń wà, màá máa ya àwòrán títí oorun á fi gbé mi lọ. Kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ fún mi. Mo tún ń kó nǹkan jọ: kọ́míìkì, manga (kọ́míìkì àwọn ará Japan), àwọn ère kéékèèké tí Mọ́mì ń pè ní bèbí, pósítà, kásẹ́ẹ̀tì fíìmù Yorùbá àtijọ́ tí mi ò tiẹ̀ ní ẹ̀rọ tí mo lè fi wò ó mọ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ ni mo ka kíkójọ sí, ọ̀tọ̀ ni mo ka yíyà sí. Ọdún yìí ni àwọn méjèèjì wá di ẹyọ kan, dọ́là ló sì fà á.

Ẹ ó rántí bí ọ̀rọ̀ náírà ṣe rí. Ní báńkì, dọ́là kan ò tíì tó ẹgbẹ̀rún kan náírà nígbà tí à ń kí ara wa kú ọdún tuntun. Kí Fẹ́búárì tó parí, ó ti ń rìn yí 1,500 ká. Ọgọ́ta dọ́là ni wọ́n ń ta ère Goku mi. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. A ò tíì débi owó ọkọ̀ òfuurufú o, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá fọwọ́ sí 70,000 náírà ní Júláì pé òun ni owó oṣù tó kéré jù, mo tún wo àwòrán ère náà lórí fóònù: ó ju owó oṣù odidi èèyàn kan lọ, ike lásán-làsàn! Ṣáájú ìyẹn ni Akira Toriyama, tó dá Goku sílẹ̀, ti kú ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, lẹ́ni ọdún 68. Ó dùn mí wọra. Dragon Ball tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń yá wá sílé, tí kò níwájú, tí kò lẹ́yìn, ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ lójú èèyàn. Omi ò tíì gbẹ lójú wa tí ẹni tó ń ta ère náà fi gbówó lé e. Mo bá fi í sílẹ̀ fún un.

Kì í ṣe pé ohun ayọ̀ ò sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ni Iwájú, eré àwòrán tó ń rìn, jáde lórí Disney+, apá mẹ́fà, ìtàn Èkó ọjọ́ iwájú, tí Island wà lọ́tọ̀, tí Mainland wà lọ́tọ̀. Àwọn Kugali tó bá Disney ṣe é, pọ́díkáàsìtì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó máa tẹ kọ́míìkì. Àwọn yìí náà ló sọ fún BBC ní 2019 pé àwọn máa na Disney. Disney gbọ́, ó sì ránṣẹ́ pè wọ́n. (Ẹnu ńlá náà máa ń ṣe èèyàn láǹfààní nígbà míì.) Mo wò ó, mo tún un wò. Nígbà tí mò ń tún un wò, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mò ń fetí sí, Gẹ̀ẹ́sì tó ní ohùn Èkó nínú. Mo wá wo iṣẹ́ tèmi tó wà nílẹ̀.

Bísí Rewáyà ni orúkọ kọ́míìkì mi. Ọmọ iṣẹ́ rewáyà ni Bísí ní Ládípọ̀, ní Múṣin, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ó máa ń gbọ́ ohùn iná nínú wáyà. Bí wọ́n bá fẹ́ mú iná lọ, etí rẹ̀ á ti máa yún un. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ìtàn náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe máa ń sọ pé kí èèyàn ṣe é: má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú róbótó tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sí, jẹ́ kí àwòrán sọ̀rọ̀. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n Bísí tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ládípọ̀ kankan tí mo mọ̀.

Owó tí mi ò ná sórí Goku ló gbé mi dé Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní bàbá kan wà l'Òkè-Àdó tó ní Atóka nílé. Àwọn tó dàgbà láàárín yín á mọ Atóka. Ọdún 1967 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìwé ìròyìn tí wọ́n ń fi fọ́tò ṣe eré, lédè Yorùbá pọ́ńbélé. Àwọn òṣèré tíátà fúnra wọn ló wà nínú ẹ̀, ẹgbẹ́ Ògúndé, ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí. Wọ́n á dúró síwájú kámẹ́rà, wọ́n á ya fọ́tò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí eré ṣe ń lọ, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sínú róbótó lẹ́bàá orí wọn. Kí ló tún ń jẹ́ kọ́míìkì?

Mo kúnlẹ̀ kí bàbá náà, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó wò mí títí.

“Kí lo fẹ́ fi ìwé àtijọ́ ṣe? Ṣé ẹ̀pà lò ń tà ni?”

“Rárá o, bàbá. Mo fẹ́ máa kà á ni, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá wọn ló ń ta ẹ̀pà. Ó ti fi èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ di ẹ̀pà fún wọn. O ò bá ti tètè wá.”

Ohun tó ṣẹ́ kù, inú páálí ọtí kan ló wà lábẹ́ ibùsùn, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Mo ṣí ọ̀kan níbẹ̀. Kábíyèsí jókòó sórí ìtẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn, adé wà lórí, aago ọwọ́ ń dán lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Olorì wà lórí ìkúnlẹ̀. Róbótó ọ̀rọ̀ olorì bo ìdajì fọ́tò, ó bo apá ìránṣẹ́ kan tó dúró lẹ́yìn, orí ìránṣẹ́ nìkan ló yọ. Ẹnì kan ti fi báírò ya irùngbọ̀n sí olorì lẹ́nu. Bàbá ní ọmọ òun kan tó ti di lọ́yà báyìí ló ṣe é.

Róbótó ńlá yẹn ni mi ò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀. Olorì kò tíì sọ ohun tó bá wá o. Ó ń kí ọba ni, ó ń kì í, ó ń tọrọ àforíjì pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Lójú ẹni tó kọ́ kíkọ kọ́míìkì látinú fídíò YouTube, àṣejù ni. Ṣùgbọ́n mo ka ojú ìwé yẹn, mo gbọ́ ohùn obìnrin náà. Àwọn tó ṣe Atóka mọ̀ pé ẹnu ni Yorùbá fi ń ṣe ìdajì ohun tó ń ṣe, wọ́n sì fún ẹnu ní àyè tó tó o.

Mo ra gbogbo ohun tó wà nínú páálí náà. Iye tí mo san, kí ó wà láàárín èmi àti bàbá.

Nígbà tí mo padà dé Èkó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún Bísí kọ ní Yorùbá. Mo gbé ojú ìwé mélòó kan fún Mọ́mì. Mọ́mì kì í ka kọ́míìkì. Ó fi awò ojú rẹ̀ sí i, ó kà á dé ibi tí Bísí ti sáré wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ láti sọ fún un pé mọ́tò oníbàárà fẹ́ gbiná, ó sì dúró.

“Ọmọ yìí wọlé bá ọ̀gá ẹ̀, kò kí i?”

“Mọ́mì, ó ń sáré ni. Iná fẹ́ gba mọ́tò.”

“Eré tó ń sá ò ní kó má kí i. Ta ló kọ́ ọ nílé?”

Mo kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dòru, mo tún un wò, mo rí i pé Mọ́mì jàre. Ẹni tó bá ń ka Yorùbá, tó rí ọmọ iṣẹ́ tó já lu ọ̀gá láìkí i, ìwà ọmọ náà ni ojú rẹ̀ á lọ sí, kò ní rí iná tó ń bọ̀. Mo bá fi àpótí àwòrán kan kún un: Bísí ń sáré bọ̀, ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀, èkejì wà lókè, orúnkún ń tẹ̀ díẹ̀, “Ẹ kúuṣẹ́ ọ̀gá, mọ́tò fẹ́ gbiná!” Nínú gbogbo ohun tí mo yà lọ́dún yìí, àpótí yẹn ló pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín jù. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú ìtàn mi ń kí èèyàn. Ojú ìwé 22 tí mo ní di 24. Ó sì bọ́ sí i gan-an, torí pé ìwé tí wọ́n máa fi pínnì gán láàárín, iye ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Èmi tí mò ń wá ohun tí màá fi dí ojú ìwé méjì tó ṣófo, ìkíni ló bá mi dí i.

Ká má tíì sọ ti àmì ohùn. Fọ́ǹtì kọ́míìkì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, pọ̀ jántìrẹrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ kọ Ẹ́ tàbí Ọ̀ sí i kí ẹ wò ó: àmì á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó di àpótí òfìfo, tàbí kí lẹ́tà yẹn nìkan fi irú fọ́ǹtì mìíràn jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, Ẹ ní àyè tirẹ̀, É náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ́ ò ní; àmì ni wọ́n á gbé lé Ẹ lórí, ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ló sì máa sọ ibi tí àmì á jókòó sí. Ẹni tó ń ṣe fọ́ǹtì fún Superman ò ro ti Bísí mọ́ ọn. Àwọn kan ní kí n yọ àmì kúrò, pé àwọn tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà. N ò gbà. Ọwọ́ ni mo fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́ kún iṣẹ́ mi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn ju àwòrán fúnra rẹ̀ lọ.

Ṣómólú ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ti tẹ nǹkan ní Ṣómólú rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Iye tí wọ́n sọ fún ẹ láàárọ̀, wọ́n lè yí i padà kó tó di ìrọ̀lẹ́. “Àǹtí, bébà ti gbówó lórí o.” Lọ́dún tí gíríìdì iná orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ léraléra, tí bẹntiróòlù kọjá 1,000 náírà fún lítà kan ní oṣù kẹwàá, kí ni èèyàn fẹ́ sọ? Owó tí jẹnẹrétọ̀ wọn ń jẹ, orí ìwé mi náà ló wà. Àwọ̀ wà lára èèpo ẹ̀yìn nìkan. Dúdú àti funfun ni inú rẹ̀. Atóka náà ò ní àwọ̀ nínú, kò sì pa á lára. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ni mo tẹ̀. Èmi akọ̀wé owó ń sọ fún yín pé nígbà tí mo ro ó pọ̀, tí mo yọ èyí tí mo fi ta ẹbí lọ́rẹ, mo pàdánù díẹ̀. Ó ṣì dínwó ju Goku lọ.

Ohun kan wà tí mo rí nínú ìdì ìwé àlòkù kan ní Yábàá lápá òpin ọdún. Kọ́míìkì kan tó ń jẹ́ Powerman ni, kò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́. Ní nǹkan bí 1975, ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe é fún ọjà Nàìjíríà, akọni aláwọ̀ dúdú tó lágbára, tó ń fò. Àwọn méjì tó ń gba yíyà rẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ọmọdé ni wọ́n nídìí iṣẹ́ nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Gibbons ya Watchmen, kọ́míìkì tó lókìkí káàkiri ayé. Ara mi gbọ̀n nígbà tí mo rí i, mo sì díbọ́n bí ẹni pé mi ò kà á sí, kí ẹni tó ń tà á má baà fura. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú rẹ̀: wọ́n kọ nọ́ńbà sí àpótí kọ̀ọ̀kan, 1, 2, 3, torí wọ́n rò pé a ò ní mọ èyí tí a máa kọ́kọ́ kà. Nígbà yẹn, ọdún kẹjọ rèé tí Atóka ti ń jáde! Àwọn tó ń ta ẹ̀pà gan-an ti ń kà á kí wọ́n tó fi di ẹ̀pà. Mo fi Powerman sínú ọ̀rá, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Atóka, kí àwọn méjèèjì máa wo ara wọn níran.

Ní ti ìtọ́jú wọn, ọ̀rọ̀ ò pọ̀: mo yọ pínnì tó ti dípẹtà kúrò, mo gbé páálí kúrò nílẹ̀, mo kó àwọn àpò kékeré inú páálí bàtà tó máa ń fa omi sí i. Káńfọ̀ ò dáa, ó ń rùn mọ́ ìwé lára.

Ìtàn Bísí kejì ti wà ní ojú ìwé kẹsàn-án. Ó máa jáde lẹ́yìn Àjíǹde bí àwọn ará Ṣómólú bá gbà fún mi, Mọ́mì sì ti ní kí n fi ìyá Bísí sí i, pé ọmọ náà kì í dá wà. Bí Atóka bá wà nílé yín, níbi tí wọ́n ti ń tò ó sídìí ìsáàsùn tàbí lórí káńtà onígúgúrú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pè mí. Mò ń sanwó, ìrùngbọ̀n báírò ò dí mi lọ́wọ́.