Wọn Kò Rán Ikùn Ọkọ Mi Lọ́jọ́ Náà

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin ará!

Ní oṣù kẹta, tírélà kọlu bọ́ọ̀sì tí bàbá àwọn ọmọ mi wọ̀ ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ya, ìfun rẹ̀ lu, egungun itan rẹ̀ kán. Ìgbà tí mo fi dé ilé ìwòsàn, ó ti wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbé e jáde. Mo ní, "Ṣé ẹ ti parí ẹ̀ ni?" Dókítà ní rárá o, aṣọ ni àwọn ṣì kì yí ẹ̀dọ̀ náà ká pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, àwọn so ìfun tó lu lẹ́nu, àwọn sì fi ikùn rẹ̀ sílẹ̀ láìrán. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi bò ó.

Mo figbe ta! Ta ní í la ikùn èèyàn tí kì í rán an padà? Mo rò pé wọ́n ti pa á tì ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí dókítà yẹn, mo ti padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Sùúrù ló fi dá mi lóhùn. "Màmá, ara wọn ti tutù, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń kan, kò sì fẹ́ dì mọ́. Bí a bá ní ká ṣe gbogbo ẹ̀ tán lónìí, orí tábìlì ni wọ́n máa kú sí." Ó ní àwọn dókítà kan ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀nà yìí ní "damage control" ní 1993, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n sì ti yá orúkọ náà. Bí ìbọn bá dá ọkọ̀ wọn lu, wọ́n á kọ́kọ́ dí ihò kó lè dé èbúté. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti tún un ṣe.

Ọjọ́ méjì ló fi wà ní ICU, yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ara wọn kò yá gidi gan-an. Wọ́n ń mú ara rẹ̀ gbóná, ẹ̀rọ ń bá a mí, ẹ̀jẹ̀ ń wọlé. Ọlọ́kadà mẹ́ta ní àdúgbò wa, tí kì í ṣe ẹbí wa, wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ojoojúmọ́ ni mo ń dárúkọ wọn lórí ìkúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n yọ aṣọ náà: ẹ̀jẹ̀ ti dá! Wọ́n so ìfun pọ̀. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n tó rán ikùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó yọ irin tí wọ́n fi di itan rẹ̀ mú láti ìta, tí wọ́n fi irin sínú egungun.

Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí ìjọ rí yín. Ẹ rọra o, ẹ má yára.