Ẹ Kọ Orúkọ Wọn Sílẹ̀ Kí Omi Tó Dé

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti Ìbàdàn. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ilé wa ní Baltimore báyìí, òórùn bébà tó ti rà ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mi ò tíì gbé àpótí sílẹ̀ tí mo ti mọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná ti bẹ́ ní bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé wa, ilé sì ti wà ní títì fún ọjọ́ méjìdínlógún. Nígbà tí mo fi máa sọ̀kalẹ̀, omi ti fà, ó ti ṣe èyí tó fẹ́ ṣe. Páálí mẹ́rin tí mo tò sábẹ́ àtẹ̀gùn ti dẹ̀ bí ẹ̀kọ ìjẹta. Káàdì àwọn agbábọ́ọ̀lù Orioles, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Baltimore, ló wà nínú wọn, èyí tí mo ti ń kó láti 1988.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó káàdì bésíbọ́ọ̀lù bíi tèmi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ràn, tí ẹ sì ń wá àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè nínú ẹgbẹ́ náà: ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹni tí wọ́n gbé wá lóṣù karùn-ún tí wọ́n dá padà lóṣù kẹfà. Ẹ mọ bí ẹ̀yìn ṣe máa ń ro ni níbi tá a bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí páálí olówó pọ́ọ́kú, tí oníṣòwò á máa wò wá bíi pé a ò mọ ohun tó dára. Ẹ sì mọ bí inú ṣe máa ń dùn tó nígbà tí ojú tá a ti ń wá tipẹ́ bá yọ láàárín egbèje ojú tá ò wá.

Oṣù kìíní 1988 ni mo dé Baltimore, mo wá kàwé ní Morgan State. Mi ò ní ẹnìkan. Òtútù ọdún náà wọ mí légungun, owó ilé-ìwé kò pé, mo sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo ṣe. Mò ń ṣiṣẹ́ òru nílé epo kan, rédíò kékeré kan ló sì ń bá mi sọ̀rọ̀ mọ́jú. Nígbà tó di oṣù kẹrin, rédíò yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹgbẹ́ kan tó ń pàdánù lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìfìdírẹmi mẹ́fà péré, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Cal Ripken baba, ọ̀gá tó ń darí Orioles, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Cal àti Billy, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Frank Robinson bọ́ sípò rẹ̀, òun náà tún pàdánù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mọ́kànlélógún léraléra! Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ni wọ́n tó lu White Sox ní Chicago, 9 sí 0.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹgbẹ́ tó bá pàdánù nílé. Mo wà nílẹ̀ ní 1984 nígbà tí Shooting Stars pàdánù ife Áfíríkà sọ́wọ́ Zamalek, mo sì mọ ohun tí àwa ará Ìbàdàn sọ sí àwọn ọmọkùnrin yẹn. Torí náà, nígbà tí Orioles padà wálé lọ́jọ́ kejì oṣù karùn-ún, tí wọ́n ti pàdánù mẹ́tàlélógún nínú mẹ́rìnlélógún, tí èrò tó lé ní 50,000 sì rọ́ kún Memorial Stadium láti dìde kí wọn, omi bọ́ lójú mi nínú ilé gíláàsì tí mo ti ń gba owó epo. Láti òru ọjọ́ náà ni mo ti jẹ́ ti Orioles.

Ilé epo yẹn ń ta káàdì tí ilé-iṣẹ́ Topps ń tẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọ̀rá kan pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù, kò tó àádọ́ta sẹ́ǹtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń wá káàdì Canseco àti McGwire, àwọn ìràwọ̀ ìgbà náà, lójú méjèèjì. Bí mo bá rí wọn, mo máa ń fún un, òun náà á kó gbogbo Orioles tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní Joe Orsulak, Jim Traber, Jay Tibbs, àti Rene Gonzales tó wọ nọ́ńbà 88. Ó rò pé òun ń rẹ́ mi jẹ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mi ò sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń kó àwọn tí ayé ò mọ̀, ti Dave Johnson ni mo máa ń sọ. Ní 1989, ẹgbẹ́ tó pàdánù 107 lọ́dún tó ṣáájú dìde, ó ń bá Toronto du ipò kìíní títí dé òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ọjọ́ Sátidé, 30 oṣù kẹsàn-án, ní Toronto, bí wọ́n bá pàdánù, ó parí nìyẹn. Pete Harnisch ló yẹ kó ju bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ó ti tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n bá pe Dave Johnson, ọmọ Baltimore gan-an. Ó gbé ẹgbẹ́ náà dé inning kẹjọ, ìyẹn ìpín eré kẹjọ, wọ́n sì ń ṣáájú 3 sí 1 nígbà tó kúrò lórí pápá. Wọ́n padà pàdánù, 4 sí 3. Ẹ wá káàdì rẹ̀ lórí tábìlì oníṣòwò lónìí, ẹ ó rí i lówó pọ́ọ́kú, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n padà sí bésímẹ́ǹtì.

Mo tan iná, mo jókòó sórí àga ike, mo fa páálí kìíní mọ́ra. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ já. Àwọn ti 1988 àti 1989, tó jẹ́ páálí lásán tí kò ń dán, ti wú, wọ́n ti tẹ̀ kòrókòró, àmọ́ wọ́n ṣì ń ya lára ara wọn. Mo tẹ́ wọn sórí aṣọ ìnura, ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Mo wá dé orí àwọn tó ń dán, káàdì tí wọ́n ń pè ní Stadium Club, ti 1991 àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ní wọn mọ̀ pé òógùn lásán tó láti lẹ̀ wọ́n pọ̀, ká tó wá sọ omi ọjọ́ méjìdínlógún. Wọ́n ti di búlọ́ọ̀kù. Mo fi èékánná wá etí wọn, mo rọra fà á, mo gbọ́ ọ tó ya, ṣáá, ojú Orsulak sì bọ́ kúrò lára rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó tẹ̀ lé e. Funfun ló kù níbi tí ojú wà. Mo gbìyànjú ìkejì. Ṣáá. Ìkẹta. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúró, mi ò sì lè dúró, torí mo ń rò pé èyí tó kàn lè yọ. Ìyàwó mi wá dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Bàbá Tóbi, aago méjì ti lù. Ẹ fi sílẹ̀ dilẹ̀ mọ́." Mi ò lè dá a lóhùn.

Ibi tó dùn mí jù kò tíì dé nígbà yẹn. Páálí kẹrin ni ti àwọn ọmọ Rochester Red Wings, ẹgbẹ́ tí Orioles máa ń kó àwọn tó fẹ́ dàgbà sí nígbà náà. Káàdì kan yọ lára wọn, ìdajì lókè rẹ̀ pé: ọkùnrin kan tó ní irunmú, tó gbé igi sí èjìká òsì, tó fún ojú pọ̀ nítorí oòrùn. Ìsàlẹ̀ tí orúkọ wà ti lọ. Ẹ̀yìn ti di ẹrẹ̀. Mo rántí ibi tí mo ti rà á, ní Hagerstown, ọjọ́ tí mo gbé Tóbi lọ wo bọ́ọ̀lù nígbà tó ṣì kéré. Mo rántí pé márùn-ún mìíràn ni wọ́n jọ wà, dọ́là kan ni gbogbo wọn. Mo rántí oòrùn ọjọ́ náà. Orúkọ ọkùnrin yẹn ni mi ò rántí. Mo gbé e dání, mo ń pe gbogbo orúkọ tó bá wá sí mi lẹ́nu, ọ̀kankan ò jọ ọ́. Mo ti tọ́jú ẹni yìí fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì jókòó sí mi lọ́wọ́ bí àlejò. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin náà lè wà nínú ẹkún yẹn, mi ò sẹ́. Òun ló mọ gbogbo oríkì ilé wa, a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín rèé, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù: ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kì í ṣe lọ́la o. Ẹ mú ìwé àjákọ, ẹ kọ orúkọ, ọdún, ilé-iṣẹ́ tó tẹ káàdì náà, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, àti ibi tí ẹ ti rí i. Ẹni tó ń kó káàdì Cal Ripken ọmọ, ìràwọ̀ Orioles, lè pàdánù gbogbo ẹ̀ lónìí kó sì mọ ohun tó máa rà lọ́la, torí gbogbo ayé ń bá a rántí. Àwọn tiwa, àwa nìkan là ń rántí wọn. Bí wọ́n bá bọ́ lọ́kàn wa, ta ló kù tá a máa bi?

Àwọn kan á ní íntánẹ́ẹ̀tì wà. Mo ti lọ síbẹ̀. Mo rí orúkọ àwọn tó gbá fún Rochester ní 1988, 1989 àti 1990, orúkọ pọ̀ bí èèrà, àwòrán ni kò sí. Kí ni mo fẹ́ tẹ̀ sí i? Irunmú?

Ẹ má gbé páálí sórí ilẹ̀ bésímẹ́ǹtì. Mo mọ̀ pé ẹ ti mọ ìyẹn, èmi náà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àwọn páálí yẹn wà lórí pẹpẹ tẹ́lẹ̀. Ẹrù ìsìnkú tí a fẹ́ kó lọ sílé ló gba àyè wọn, mo sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ìbáà jẹ́ ọjọ́ kan, ẹ gbé e sókè. Fáìlì kan tí mo fi sílẹ̀ lórí pẹpẹ kejì kò rí ẹ̀kán omi kan: àwọn Orioles 2018 sí 2021, ìgbà tí a pàdánù 115 lọ́dún kan ṣoṣo. Stevie Wilkerson wà níbẹ̀ ní àlàáfíà, ẹni tó ń gbá ní àárín pápá tí wọ́n ní kó wá ju bọ́ọ̀lù ní inning kẹrìndínlógún ní Anaheim, oṣù keje 2019, nígbà tí kò sí ajubọ́ọ̀lù mọ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ajubọ́ọ̀lù tó gba save, ìyẹn àmì tí wọ́n ń kọ fún ajubọ́ọ̀lù tó parí eré láìjẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣáájú pàdánù, láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1969. Àwọn yẹn, mo wọ ọ̀rá fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ orúkọ wọn sára fáìlì. Ẹ rí i? Àwọn tí mo kọ ló kù.

Ẹ wọ ọ̀rá fún gbogbo èyí tó bá ń dán, kódà bó jẹ́ sẹ́ǹtì márùn-ún lẹ rà á. Ọ̀rá tó ní PVC, irú ike kan, kò dára, á ba káàdì jẹ́ tó bá pẹ́. Ọ̀rá ò sì wọ́n tó láti ní ẹni yìí kò tó ẹni à ń wọ̀ ọ́ fún.

Ẹni tó wá láti ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò béèrè bóyá Ripken wà nínú ẹ̀. Mo ní rárá. Ó béèrè àkọsílẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò ní. Ó kọ "káàdì àtijọ́" sórí bébà rẹ̀, ó wọn kápẹ́ẹ̀tì, ó lọ. Mi ò bá a jà, owó kọ́ ni mò ń wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì yẹn gún mi. Ká ní mo kọ orúkọ wọn ni, ì bá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ì báà tilẹ̀ fi òdo síwájú wọn.

Ẹ wo káàdì Topps 1982 tí gbogbo ènìyàn ń pè ní káàdì Ripken. Ẹni mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀. Bob Bonner wà níbẹ̀, ó padà lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Zambia. Jeff Schneider wà níbẹ̀, tí 1981 nìkan ló fi rí líìgì ńlá. Orúkọ wọn wà níbẹ̀ gbàgàdà, a sì tún ń fò wọ́n. Ọmọ tiwa náà wà, Demi Orimoloye, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tí ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers mú ní 2015, àmọ́ tí kò dé líìgì ńlá. Bí àwa Yorùbá kò bá kọ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀, mi ò mọ ẹni tá a retí pé kó bá wa kọ ọ́.

Ní ti bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ padà, kò ní ìtàn púpọ̀. Tóbi wá ní Sátidé méjì, ó bá mi ya àwọn tó ṣeé yà, ó ra fáìlì mẹ́ta. Oníṣòwò kan gbé páálí Orioles kan fún mi, ó ní kí n san ogún dọ́là. Àwọn tí mo ti rí padà ti lé ní igba. Dave Johnson 1990 wà lára wọn, ó wà nínú ike líle báyìí, òun nìkan.

Ìwé àjákọ náà wà lórí tábìlì oúnjẹ wa, ìyàwó mi ò sì ní kí n gbé e kúrò. Alaalẹ́ ni mò ń kọ sínú ẹ̀. Ní ojú ìwé kẹsàn-án, mo fi ìlà kan sílẹ̀ láìkọ orúkọ sí i. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni: Rochester, irunmú, èjìká òsì, Hagerstown, èmi àti Tóbi.