Aró, Osùn, Ẹfun: Bí Ẹ Ṣe Lè Ra Awò Tí Kò Wọ́n fún Ẹyẹ àti Ìràwọ̀

Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Mi ò mọ ìdánwò tó dára ju èyí lọ fún awò, ìyẹn bàìnókúlà. Awò tí kò bá fi àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn bí wọ́n ṣe rí, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, ì báà fa ẹyẹ wá síwájú imú yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí aró. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára awò. 8x42 túmọ̀ sí pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 8, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 42. Ẹ fi 8 pín 42, ẹ óò rí 5.25: bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde wá bá ọmọlójú yín ṣe fẹ̀ tó nìyẹn, ní mìlímítà. Igi Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ga, ewé rẹ̀ sì dí. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, abẹ́ rẹ̀ ṣì ṣú. Bí ẹ bá gbé awò 10x25 kékeré, alápò ẹ̀wù, débẹ̀, 2.5 péré ló ń jáde, aró agbe á sì di dúdú lásán. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lálẹ́ sí ìràwọ̀.

Ọmọlójú ọ̀dọ́ lè là tó mìlímítà 7 nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ti àgbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í sábà ju 5 lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí àgbàlagbà lọ ra 7x50: apá kan ìmọ́lẹ̀ tó sanwó rẹ̀ kò ní wọlé.

Osùn wá ńkọ́? Ẹ sá fún awò tí dígí iwájú rẹ̀ pupa yòò bíi dígí ojú oge. Pupa tó ń dán yẹn, àwọ̀ pupa tó ń dá padà síta ni, nítorí náà osùn ìyẹ́ àlùkò kò ní dé ojú yín dáadáa. Dígí tó dára máa ń tàn bíi ewéko tàbí elése àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ bí iná bá kàn án. Èyí tó bá tàn funfun bíi dígí fèrèsé, wọn ò kun nǹkan kan sí i. Bí wọ́n bá kọ “fully multi-coated” sí i, ìyẹn ni pé wọ́n kun gbogbo ojú dígí rẹ̀ léraléra, ó ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹfun ló ń tú àṣírí dígí. Ẹ wo lékeléke tó dúró sínú oòrùn. Bí àwọ̀ elése àlùkò bá yí i ká létí ojú awò nìkan, ẹ fara mọ́ ọn, owó tí ẹ mú wá ni. Bó bá yí i ká láàárín gan-an, ẹ fi sílẹ̀.

Èwo ni kí ẹ wá rà? 8x42 ni mo fara mọ́ fún iṣẹ́ méjèèjì. 10x50 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fi bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti 42 lọ, ojú ọ̀run á dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó lè wúwo tó nǹkan bíi kílò kan, ó sì ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ìlọ́po 10. Ti 20x50 àti àwọn tó ń fà wọlé fà jáde láti 10 dé 30, ẹ má wulẹ̀ dá wọn wò. Bí owó kò bá pọ̀, èyí tó ní èjìká (Porro) sábà máa ń fi àwòrán tó dára jù hàn ju èyí tó gún gbọọrọ lọ ní iye owó kan náà.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ jáde síta ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lókèèrè. Bí òpó bá di méjì, tàbí tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín láàárín ìṣẹ́jú kan, awò náà ti ṣubú rí, ojú rẹ̀ méjèèjì kò bára dọ́gba mọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀: ohun tó bá rí bí òwú aláǹtakùn, èbu ni.

Ọ̀pọ̀ ń bú awò tí kò ṣẹ̀, nítorí wọn ò tún un ṣe fún ojú ara wọn. Ẹ fọwọ́ bo dígí iwájú ti ọ̀tún, ẹ fi ojú òsì wo pátákó kan, ẹ yí kẹ̀kẹ́ àárín títí lẹ́tà á fi hàn ketekete. Ẹ wá bo ti òsì. Ẹ má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́. Òrùka tó wà nídìí dígí ojú ọ̀tún ni kí ẹ yí. Ẹ ṣe àmì síbi tó dúró sí. Ẹni tó ń lo jígí, kó wá awò tí “eye relief” rẹ̀ (bí ojú ṣe lè jìnnà sí dígí ẹ̀yìn tó, kó ṣì rí gbogbo àwòrán) tó mìlímítà 15 ó kéré tán.

Lálẹ́, ẹ gbé ìgúnpá lé orí ògiri tàbí òrùlé mọ́tò. Ẹ óò rí ihò ojú òṣùpá, ẹ óò rí òṣùpá mẹ́rin tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter ní 1610, Àgùàlà náà á sì hàn bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé nígbà tó bá súnmọ́ wa. Òrùka pílánẹ́ẹ̀tì Saturn kò ní hàn, ẹ má dá awò lẹ́bi. Àkókò ọyẹ́, eruku ń bo ìràwọ̀. Alẹ́ tí òjò dá ló dára jù. Ẹ má fi awò wo oòrùn láé, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń fọ́ni lójú.

Eruku ọyẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ dànù kí ẹ tó nu dígí, torí iyanrìn ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi etí aṣọ nù ún, iyanrìn yẹn á ha dígí. Lásìkò òjò, ẹ fi àpò silica gel (èròjà tó ń fa ọ̀rinrin) méjì tàbí mẹ́ta sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú rẹ̀, kí èbu má bàa wọ̀ ọ́.