Iná Aláwọ̀ Ewé Kò Fọ́ Ẹran Lójú

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra iná ọdẹ lóde òní, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tí ń tà á máa ń fi dá a lójú: pé ẹran kì í rí iná aláwọ̀ ewé, àti pé ọdẹ tí ó bá dé irú rẹ̀ mọ́rí lè tàn án sí ẹtu lójú títí yóò fi rìn sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni. Ẹtu rí iná náà kedere. Bí kò bá sì tètè sá, ìmọ́lẹ̀ ni ó mú un lójú tí kò jẹ́ kí ó rí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àgbọ̀nrín onírù funfun ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn ẹran tí àwọn onímọ̀ ti yẹ ojú wọn wò fínnífínní. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó fi ń mọ àwọ̀, nígbà tí ti ọmọ ènìyàn jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan wà fún àwọ̀ aró, èkejì sì ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó wà ní nǹkan bíi nánómítà 537 (nánómítà ni ìwọ̀n tí a fi ń ya àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀), èyí tí í ṣe àwọ̀ ewé gan-an. Ẹ̀kẹta tí àwa fi ń dá pupa mọ̀ ni kò ní. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn tún wà tí àwa àti ẹran jọ fi ń ríran nínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wà ní àyíká nánómítà 500 ni ó máa ń gbà jù, bí ó bá sì ti kọjá 620 lọ sí apá pupa, díẹ̀ kíún ni ó ń rí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wá iná tí ẹran kò ní tètè fura sí, pupa ni.

Kí ló dé, nígbà náà, tí iná aláwọ̀ ewé fi gbajúmọ̀ láàárín àwọn tí ń dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ ní Texas? Ojú ọdẹ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Àwọ̀ ewé ni ojú ènìyàn ń gbà jù lọ, tí ó fi jẹ́ pé bí agbára bátìrì méjì bá dọ́gba, èyí tí ó ń tan àwọ̀ ewé ni yóò fi ẹran hàn wá ní ọ̀nà jíjìn ju èyí tí ó ń tan pupa lọ. Ní pápá gbalasa, èrè ńlá ni èyí. Nínú igbó kìjikìji tiwa, níbi tí ewé ti ń dí ojú lọ́nà kí ó tó ríran jìnnà, èmi kò rí ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. Iná pupa tí kò le ni mo yàn, nítorí pé ó tún ń dá ojú ọdẹ sí: lẹ́yìn tí iná funfun bá ti wọ ojú, ó lè gbà tó ìdajì wákàtí kí ojú tó tún mọ òkùnkùn lára. Pupa náà kò sì yẹ kí á dà á lé ẹran lójú tààrà. Ńṣe ni à ń gbé e sókè díẹ̀, kí etí ìmọ́lẹ̀ nìkan kàn án.

Àwọn baba wa kò mọ nánómítà, ṣùgbọ́n àtùpà kábáàdì tí wọ́n ń dé mọ́ iwájú orí kì í tàn funfun bí iná LED ìgbà yìí. Omi a máa kán sórí kábáàdì nínú agolo kékeré, gáàsì a jáde tòun ti òórùn tí ó jọ ti aáyù, iná rẹ̀ a sì pọ́n. Iná LED funfun ní àwọ̀ aró púpọ̀ nínú, èyí tí ojú ẹran ń gbà dáadáa. Mo rò pé ó wà lára ohun tí àwọn àgbà ọdẹ ń rí nígbà tí wọ́n bá ń ráhùn pé ẹran kì í dúró de iná tuntun. Ká má tilẹ̀ sọ ti kòkòrò, tí iná funfun máa ń kó wọ ojú àti imú ènìyàn.

Àwọn kan a máa fi ọ̀rá pupa we ojú tọ́ọ̀ṣì funfun. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, àmọ́ ọ̀rá náà kò fi pupa kankan kún un. Ó kàn ń dí àwọ̀ yòókù lọ́nà ni, pupa tí ó sì wà nínú LED funfun kò pọ̀.

Lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún, funfun ni kí á fi tọ ipa ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a máa dúdú lábẹ́ iná aláwọ̀ ewé. Lábẹ́ iná pupa, ó lè pòórá mọ́ ewé tútù, nítorí pé gbogbo ohun tí ó yí i ká ti pọ́n bákan náà.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti ojú tí ń tàn. Awọ kan wà nínú ẹyinjú ẹtu, ewúrẹ́, màlúù àti ajá tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, òun ni ó ń mú kí ojú wọn pọ́n bí ẹyin iná nínú igbó. Ewúrẹ́ tí kò wọlé lálẹ́ àti màlúù darandaran náà ní i, iná aláwọ̀ sì ń bo àwọ̀ irun tí à bá fi dá wọn mọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kò ní i. Ènìyàn náà kò ní i. Ọdẹ tí ó ti mọ́ lára láti máa wá ojú tí ń tàn lè darí iná kọjá lára ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó lúgọ, láìrí ohunkóhun, kí ó sì yìnbọn sí ohun tí ó mi ewé lẹ́yìn náà. Tọ́ọ̀ṣì oníná méjì ni mo fi ń gbé: pupa láti wá ẹran, funfun láti rí orí, ọrùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó yìnbọn. Bí ó bá sá lọ nígbà tí mo tan funfun, ó lọ nìyẹn.